Ìkíni Kì í Ṣe Ìbéèrè

Ní ọdún tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ títí koríko fi hù dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ìyàwó mi wá ń bá wa ṣiṣẹ́ fóònù lọ́fíìsì wa ní Àkúrẹ́. Mo rò pé kò ní gbà. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọkọ òun ló wá àyè fún òun. Àmọ́ owó oṣù tèmi náà ń dúró lọ́nà, a sì ti ń fi ife wọn gààrì nínú ilé. Ó ní, "Dádì, ó sàn kí n máa bá àwọn ẹni ẹlẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí fóònù ju kí n jókòó sílé wa ní Ọ̀bà-Ilé máa bá ìkòkò òfìfo wí."

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Ìjọba fẹ́ mọ ibi tí àwọn èèyàn ń da pàǹtí olóró sí káàkiri ìpínlẹ̀: ásíìdì bátìrì, ọ́ìlì dúdú, oògùn kòkó tó ti bàjẹ́, omi tí àwọn ayafọ́tò fi ń fọ fọ́tò, abẹ́rẹ́ àlòkù. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn wolé-wolé wa ní, epo tí wọn yóò rọ sí i sì ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà ni a fi ń kọ́kọ́ pe àwọn ilé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù tó ní fóònù, kí a tó mọ ibi tí ó yẹ kí ọkọ̀ náà lọ.

Kì í ṣe àwa ni à ń ronú ohun tí a óò béèrè. Olùkọ́ yunifásítì kan ti jókòó ti àwọn wolé-wolé àgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì, ó gba ìmọ̀ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì kó o sínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹni tí a pè bá ní òun ń yọ́ òjé, kọ̀ǹpútà á ní kí a bi í bóyá ìta gbangba ni ó ti ń yọ́ ọ. Bí ó bá ní ìta ni, á ní kí a bi í bí kànga ṣe jìnnà tó. Bí ìbéèrè kan bá yà ọ́ lẹ́nu, o lè tẹ "èéṣe?" kí ẹ̀rọ náà sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, bí àgbà ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ. Àwa ni à ń sọ ọ́ di Yorùbá lẹ́nu. Nígbà tí gbogbo ìbéèrè bá tán, á dá ẹjọ́: ewu ńlá, ewu díẹ̀, kò séwu. Ibi tí ó bá pè ní ewu ńlá nìkan ni ọkọ̀ máa ń lọ. Wọn á kó ìdọ̀tí ibẹ̀ kúrò, wọn á sì ṣí oníṣòwò náà nípò lọ sí ẹ̀yìn ìlú.

Bàbá ni a ń pe kọ̀ǹpútà náà lọ́fíìsì. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì gbé e, akọ̀wé wa á ní, "Ẹ rọra o, Bàbá ń sùn."

Ohun kan ṣoṣo ni ìyàwó mi ń wá nínú iṣẹ́ yìí, ó sì sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni. Lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ ní Oǹdó, ọkùnrin kan wà tó ń ra bátìrì ọkọ̀ àlòkù. Ó máa ń fi àáké là á, á da ásíìdì inú rẹ̀ sí gọ́tà, á sì yọ́ òjé rẹ̀ nínú ìkòkò irin láti tà fún àwọn ọdẹ tó ń rọ ọta àti àwọn apẹja tó ń so ó mọ́ àwọ̀n. Gọ́tà náà gba ẹ̀gbẹ́ kànga ìyá rẹ̀ kọjá. Ìyàwó mi fẹ́ kí Bàbá pe ibẹ̀ ní ewu ńlá. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ wa lọ.

Kì í ṣe pé a kò kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Mo ti bá ọ̀gá àwọn wolé-wolé sọ ọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí ó gba ọ̀nà tí ti gbogbo ayé ń gbà. A ti bá Mọ́mì, ìyá ìyàwó mi, fúnra wọn sọ ọ́ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí a lọ kí wọn lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó mi bu omi kànga náà, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e kalẹ̀.

"Mọ́mì, omi yìí ń kan."

"Ẹnu rẹ ló ti di ẹnu Àkúrẹ́. Omi tí wọ́n fi wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí mo bí ọ."

"Mọ́mì, májèlé ni òjé. Ẹ bi Dádì."

Mọ́mì yíjú sí mi. "Ọkọ mi, ẹ̀yin ọmọ ìwé, mo kí yín o. Bàbá yín gbẹ́ kànga yìí fúnra wọn, wọ́n mu ún títí wọ́n fi kú."

"Kí ló pa wọ́n, Mọ́mì?" ni ìyàwó mi wí.

"Ọjọ́ wọn ló pé. Ẹ̀rọ omi tí ìjọba yín rì mọ́ ojú títì, ìgbà wo ló sun omi kẹ́yìn? Ẹ lọ mú tibẹ̀ wá, n ó dà tèmi nù."

Ẹ̀rọ náà ti gbẹ tipẹ́.

Nígbà tí Bàbá parí iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí Oǹdó, olùkọ́ yunifásítì náà wá wo èsì rẹ̀. Ó wò ó títí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún wò ó. Gẹ́gẹ́ bí èsì náà, kò sí ibì kan ní gbogbo ìlú náà tí ẹnikẹ́ni ti ṣàìsàn nítorí pàǹtí. Ìbéèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣàìsàn nínú ilé ló sì wúwo jù lójú ẹ̀rọ náà, nítorí náà kò sí ibi tó jẹ́ ewu ńlá.

Ó ní, "Ẹ wá wò ó. Ìlú Oǹdó mọ́ ju ọ̀run lọ."

"Ọ̀gá, ìlú Oǹdó ò mọ́," ni ìyàwó mi dá a lóhùn. "Ẹnu wọn ló mọ́."

Ó ṣàlàyé fún un. Nílẹ̀ wa, a kì í fi ẹnu ara ẹni pe àìsàn wọlé. Bí o bá bi èèyàn pé ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣàìsàn nínú ilé rẹ̀, "Ọlọ́run má jẹ́" ni yóò wí, ìbáà jẹ́ pé orí ẹní ni ìyàwó rẹ̀ wà bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, kò mọ̀: ìdáhùn mẹ́ta tí Bàbá gbà nìyẹn. Nígbà tí ẹni tó ń pè bá gbọ́ "Ọlọ́run má jẹ́", kí ni yóò tẹ̀? Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo wa ń tẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni olùkọ́ náà, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ìjàrẹ, ṣùgbọ́n kò rò ó.

Ìyàwó mi kò tíì pe oníbátìrì lẹ́yìn ilé wọn nígbà náà. Wáyà fóònù àdúgbò náà ti já, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó ni. Ó pè é ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Èmi àti olùkọ́ náà dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Ohùn ọkùnrin náà ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa fi ń gbọ́ ọ.

"Ẹ káàsán o, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni, ọmọ Mọ́mì iwájú ilé yín."

"Àbúrò! Ìwọ lo wá ń ṣiṣẹ́ fóònù? Mo ṣe bí tíṣà ni ọ́."

"Ìjọba ti sọ wá di ẹlẹ́nu fóònù, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ò ní lè na fóònù ní pàṣán."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bi í ní ohun tí Bàbá ń gbé sójú. Ọkùnrin náà kò fi nǹkan kan pamọ́ nípa òwò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń la bátìrì. Bẹ́ẹ̀ ni, ìta ni ó ti ń yọ́ òjé. Nígbà tó bi í ní ibi tí ó ń da ásíìdì sí, ó ní, "Gọ́tà ni. Ibo ni kí n dà á sí, orí mi?" Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè àìsàn kàn.

"Ọlọ́run má jẹ́! Àìsàn kẹ̀? Ilé mi ò ní rí i láéláé."

"Àmín o," ni ìyàwó mi wí. Ìlà kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà ń ṣẹ́jú, ó ń dúró de bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó wo ojú mi, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú o."

A kò gbọ́ nǹkan kan àfi bí wáyà ṣe ń hó. Mo rò pé ó ti já.

"A dúpẹ́, Àbúrò," ni ọkùnrin náà wí níkẹyìn. "Ó ti ń di ṣíbí mú fúnra rẹ̀ báyìí."

"Ọlọ́run á tún bọ̀ ṣe é. Ìyàwó yín ni?"

"Òun ni. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló rọ. Òun ló máa ń bá mi koná sí ìkòkò òjé. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn ni o. Kò sáìsàn nílé mi."

"Mo gbọ́, sà," ni ìyàwó mi wí. Ó gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn.

Olùkọ́ náà ní, "Tíṣà, ibo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Ọ̀gá, ṣé wọ́n ń kọ́ èèyàn ní bí a ṣe ń kíni ni?"

Ó fa àga, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó kọ òfin tuntun kan sínú Bàbá níṣojú wa. Bí ẹni náà bá fi àdúrà dáhùn, má ṣe tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí i kú ìtọ́jú. Bí ó bá gba ìkíni náà, bẹ́ẹ̀ ni ni. Bí ó bá bi ọ́ pé ìtọ́jú ta ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Nígbà tó parí, ìyàwó mi nawọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ "èéṣe?" láti dán Bàbá wò. Ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀, ó sì kọ ohun tí olùkọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú rẹ̀: nítorí pé àdúrà kì í ṣe ìdáhùn.

A tún gbogbo Oǹdó pè. Mo máa ń jókòó nínú yàrá kejì, n ó máa gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe ń kí àwọn ẹni tí kò rí rí kú ìtọ́jú, kú ìnáwó aláìsàn, kú àìsùn. Àwọn kan máa ń bi í pé kí ló dé. Àwọn tó kù máa ń sọ ọ́. Nígbà tí Bàbá tún dá ẹjọ́, ilé oníbátìrì náà wà lára àwọn tó pè ní ewu ńlá. Ìyàwó mi kò hó yè. Ó kàn dì mí lápá mú ní ọ̀nà bí a ṣe ń lọ wọ mọ́tò ní Alágbàká, ohun tí kì í ṣe níta. Nígbà tí a lọ sí Oǹdó, ó sọ fún Mọ́mì pé kí wọ́n fi ara balẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá kó ìdọ̀tí yẹn.

Mọ́mì ní, "Bí wọ́n bá dé, n ó sè fún wọn."

Ẹni tó kọ́kọ́ dé kì í ṣe wolé-wolé. Ọkùnrin kan ni, tí àwọn tó gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀ rán láti Èkó kó wá wo bí a ṣe ń ṣe é. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó jókòó ti ìyàwó mi, ó gbọ́ ìpè kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì yọ ohun tí ó fi ń gbọ́ ọ kúrò létí.

"Màdáámù, ẹ ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni yẹn. Ẹ kí i ni."

"Ó sì dáhùn, sà."

"Ẹ̀yin lẹ fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ìkíni kì í ṣe ìbéèrè. Bí ẹ bá kí èmi náà kú ọ̀fọ̀ níbi tí mo jókòó sí yìí, n ó dá yín lóhùn."

"Bí ẹ ò bá ṣọ̀fọ̀, sà, ẹ ó bi mí pé ta ló kú."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun gbà pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí òun ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó rán òun. Ìbéèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, a kò sì gbọdọ̀ darí ẹni tí à ń bi sí ìdáhùn tí a fẹ́ gbọ́. Olùkọ́ yunifásítì náà kò bá a jiyàn. Òun gan-an ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó pa òfin tí ó kọ rẹ́, ó sì ní kí Bàbá tún gbogbo rẹ̀ rò láìsí ìkíni nínú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Kí akọ̀wé tó po kòkó mímu tán, Oǹdó ti tún mọ́. Ilé oníbátìrì bọ́ sí ewu díẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ fún ewu díẹ̀.

Ìyàwó mi bi mí bí a ṣe ń lọ sílé pé, "Dádì, kí ni kí n wá sọ fún Mọ́mì?" Mo ní kí ó sọ pé wọ́n ṣì ń bọ̀. Ó ní, "Ó dáa."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí méjì. A pín àga, a pín tábìlì, a pín fáìlì. Kọ̀ǹpútà náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń lọ, wáyà rẹ̀ sì kù sọ́dọ̀ àwa tó jókòó. Akọ̀wé wa ní, "Bàbá ti kó lọ, ó gbàgbé ṣòkòtò." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe. Olùkọ́ yunifásítì náà rí iṣẹ́ sí òkè òkun. Àwọn olùkọ́ wọlé padà, ìyàwó mi gba pátákó àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá lọ sí Oǹdó, á gbé omi mímu dání fún Mọ́mì nínú kẹ́ẹ̀gì láti Àkúrẹ́. Mọ́mì á dúpẹ́, wọn á fi fọ aṣọ, wọn á sì mu omi kànga wọn.

Ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàkíyèsí. Kò lè dúró dín dòdò mọ́, ó máa ń jókòó ni. Bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó ní bàtà náà ló sún kì. Mo bi í bóyá nǹkan ń ṣe é. "Kò sí, Dádì. Ó rẹ̀ mí ni." Mo tún bi í lọ́jọ́ mìíràn. "Kò sí nǹkan. A dúpẹ́." Mo gbà á gbọ́, nítorí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Ní òwúrọ̀ kan, lẹ́yìn àdúrà, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú ìwé orin nílẹ̀, kò sì tètè nà ró. Ó fi ọwọ́ kan di apá àga mú. N kò mọ ohun tó mú mi ṣe é. N kò béèrè nǹkan kan.

"Tíṣà, kú ìrora o."

"A dúpẹ́, Dádì," ni ó wí, kò tíì gbé orí sókè. "Tòní sàn ju tàná lọ."

Nígbà náà ni ó nà ró, ó sì wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ní ojú rẹ̀ kó tó dé ẹnu rẹ̀.

"Ẹ ti fi tèmi mú mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná. Ẹ̀kọ ń tutù lọ."

Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó fara balẹ̀. Ó mú ìwé rẹ̀, ó ń bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ti fi kẹ́míkà ṣiṣẹ́ rí? Rárá. Ṣé ẹnikẹ́ni ti ní irú àìsàn yìí nínú ẹbí wọn? "Ọlọ́run má jẹ́," ni ìyàwó mi wí, mo sì rí i bí bírò dókítà náà ṣe fa ìlà sórí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ó ku èmi àti dókítà náà, mo sọ ọ̀rọ̀ kànga náà fún un. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. Ó ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀, sà. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan tó láti fà á. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n báyìí." N kò rò pé ó purọ́. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n títí di òní, n kò sì kọ èyí láti sọ pé mo mọ̀.

Láti ìgbà náà, n kò bi ìyàwó mi ní nǹkan kan mọ́. Àràárọ̀ ni mo ń kí i kú ìrora, àràárọ̀ ni ó sì ń sọ fún mi ibi tí ó dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ìgbà tí ó dé ẹsẹ̀, àti ìgbà tí ó dé èémí. Ní òwúrọ̀ tí mo kí i tí kò dáhùn, mo tún kí i.

Mọ́mì kò wá síbi ìsìnkú. Òbí kì í rí ojú oórì ọmọ. Nígbà tí àwọn àlejò ti túká, mo wọ mọ́tò lọ bá wọn ní Oǹdó. Wọ́n ti darúgbó gan-an, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìrìn mi. Oníbátìrì àtijọ́ ti kú. Ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀ báyìí, bátìrì sólà ni ó sì pọ̀ jù nínú èyí tí ó ń là. Mo ń gbọ́ ìró àáké rẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Mọ́mì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé omi. Wọ́n rọra lọ sẹ́yìn fúnra wọn, wọ́n fi ọwọ́ tọ ògiri, wọ́n sì gbé e wá fún mi nínú ife onírin, ó tutù. A kì í kọ omi àna. Mo mu ún tán. Ó ṣì ń kan díẹ̀.

"Ṣé ara le, ọkọ mi?"

"Ó le, Mọ́mì. Kò sí nǹkan."

Wọ́n gba ife náà lọ́wọ́ mi, wọn kò sì gbé e kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìyàwó mi ti kọ́ bí a ṣe ń kíni. N kò rò ó rí títí di ìgbà yẹn.

"Ẹ kú ìdáwà o," ni wọ́n wí.

Àáké náà dún lẹ́yìn ògiri, ó tún dún.

"A dúpẹ́, Mọ́mì," ni mo wí. "Òwúrọ̀ ló máa ń le jù."

Wọ́n mi orí. Wọ́n bu omi mìíràn sínú ife náà, wọ́n gbé e fún mi, mo sì mu ún.